Òṣùká kan, orí kan: ìdí tí ọmọ wa fi ń sọ “I did not went”

Gírámà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sá lọ. Kì í ṣe gírámà tí wọ́n ń kọ sójú pátákó, tí gbogbo kíláàsì á máa pariwo rẹ̀ bí orin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tó bá lanu, tó sì sọ pé “I did not went”, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ọjà Ọba níbí, nílùú Adó-Èkìtì, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n yọ̀ǹda ìsọ̀ kan fún wa lẹ́yìn àwọn oníṣu, a sì máa ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi fẹ́ máa ṣú. Àwọn ọmọ náà ò pọ̀, wọn ò ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ, praímárì kìíní sí ìkẹta ni gbogbo wọn wà. Ìyá wọn ń tajà nítòsí, ẹlòmíì ń ta èlùbọ́, ẹlòmíì ń ta iṣu, ẹlòmíì ń ta aṣọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo èyí ni etí mi máa gbọ́: “I did not went.” “Did you saw my biro?” “Yesterday I buy bread.” “We was playing.”

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọ tó bá sọ irú èyí, olódo ni. Mo mọ ilé ìwé kan tó jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n fi ń dáhùn “did went”. Níbòmíràn, wọ́n á fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi ní lanu mọ́ nínú kíláàsì. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti àwọn òbí tó gbà pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ àwọn jẹ́, tí wọ́n sì pa Yorùbá tì nínú ilé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yẹ àwọn àṣìṣe yìí wò dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n nídìí. Ẹ ó tún rí i pé Yorùbá tí wọ́n ń lé jáde nínú ilé yẹn gan-an ló lè ran ọmọ náà lọ́wọ́.

Alábàárù kan tó ń jẹ́ “do”

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ ohun tó ti kọjá, ó máa ń fi àmì rẹ̀ hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe. “Cook” á di “cooked”, “buy” á di “bought”, “go” á di “went”. (Ẹ má wulẹ̀ wá ìjọra láàárín “go” àti “went”. Ọmọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ “wend” ni “went” tẹ́lẹ̀, “go” kàn gbà á tọ́ ni.) Àwọn díẹ̀ wà tí kì í yí padà, bíi “cut” àti “put”, ẹ jẹ́ ká fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná.

Fún àwọn ọmọ mi, òṣùká ni mo ń pe àmì yẹn. Gbogbo wọn ló mọ òṣùká, aṣọ tí alábàárù máa ń ká sórí kó tó gbé ẹrù àwọn tó wá rajà. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbólóhùn tó ní ìṣe kan, òṣùká kan ló wà, orí kan ló sì lè wà. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá dá wà, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e: “I went.” Àmọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ bèèrè nǹkan, tàbí tó fẹ́ sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń pe alábàárù kan wá. “Do” lorúkọ alábàárù náà. Ẹ sì mọ̀ pé tí alábàárù bá ti dé, òun ló ń gba òṣùká lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. “Do” á gbé e ka orí, á di “did”. Orí “went” á ṣófo, á padà di “go”. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé “Did you go?” àti “I did not go.”

Ọmọ tó sọ pé “I did not went” ti pe alábàárù, ó sì ti gbé òṣùká fún un, ṣùgbọ́n kò rántí pé ó yẹ kí ẹlẹ́rù sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Orí méjì wá ń lo òṣùká nítorí ẹrù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ ná. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Ó mọ̀ pé “go” kì í di “goed”. Ó mọ̀ pé “not” kò lè dá dúró níbẹ̀ láìsí “do”. Ó tún mọ̀ pé “do” gbọ́dọ̀ di “did”. Nǹkan mẹ́rin ló mọ̀, ẹyọ kan ló kù. Bírò pupa tíṣà kì í ka mẹ́rin yẹn.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ní alábàárù yìí. Nígbà ayé Geoffrey Chaucer, tó kú ní 1400, irú “I know not” ni wọ́n ń sọ. Láàárín 1500 sí 1600 ni “do” wá ń tàn kálẹ̀ nínú ìbéèrè àti nínú gbólóhùn tó ń sọ pé rárá. Alvar Ellegård, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló jókòó tó ka àwọn ìwé àtijọ́, tó sì ṣírò bó ṣe ń pọ̀ sí i, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1953. Títí William Shakespeare fi kú ní 1616, èèyàn ṣì ń bá méjèèjì pàdé. Ọmọ Ọjà Ọba tó bá sọ pé “I know not” lónìí, a ó ní ó ṣì í. Ká ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló ti sọ ọ́ ní 1450, ẹnikẹ́ni ò ní yíjú wò ó.

Àwọn ọmọ òyìnbó náà ńkọ́?

Ẹni tó bá rò pé ọmọ Èkìtì nìkan ló ń sọ “Did you saw” kò tíì bá ọmọ òyìnbó ọlọ́dún mẹ́ta ṣeré rí. Àwọn náà ń sọ ọ́, nínú ilé tí wọn ò ti gbọ́ èdè míì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1958, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jean Berko ya àwọn àwòrán kan fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje. Ó fi ẹ̀dá kékeré kan tó dà bí ẹyẹ hàn wọ́n, ó ní “wug” lorúkọ rẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé, òun ló hùmọ̀ rẹ̀. Ó tún fi ọkùnrin kan hàn wọ́n, ó ní ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń “rick”, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá. Ó wá ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà: lánàá, kí ló ṣe? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà dáhùn pé “ricked”. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé wọn! Ibẹ̀ la ti rí i kedere pé ọmọ tó ń kọ́ èdè kì í ṣe ayékòótọ́ tó kàn ń tún ohun tó gbọ́ sọ. Ó ń fa òfin yọ nínú ohun tó ń gbọ́. Òfin tó fà yọ yìí náà ló ń mú un sọ “goed” àti “buyed” nígbà míì.

Onímọ̀ mìíràn, Roger Brown, tẹ̀ lé ọmọ mẹ́ta fún ìgbà pípẹ́, ó pè wọ́n ní Adam, Eve àti Sarah. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1973, ó to àwọn ègé gírámà kéékèèké mẹ́rìnlá tẹ̀ léra bí àwọn ọmọ náà ṣe ń mọ̀ wọ́n. Irú “went” àti “saw” wà ní ipò karùn-ún. Irú “was” tó ń ṣe ìrànwọ́ nínú “He was playing” wà ní ipò kejìlá. Ọmọ onílé lèyí o, tí ìyá rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i láti inú oyún. Tí ọmọ elélùbọ́ bá wá ń wá “was” kiri ní praímárì kejì, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu?

Ìṣirò kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Ní 1992, Gary Marcus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ 83 jọ, wọ́n sì rí ibi 11,521 tí wọ́n ti lo irú “went” tàbí “goed”. Fún ọmọ tó wà láàárín méjì nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn, irú “goed” kò ju bíi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ ń sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n etí wa ò kí í gbọ́ èyí tó tọ́. Èyí tó wọ́ nìkan ló ń dún.

Kí ló wá dé tí “did” fi ń bá “went” rìn? Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu ni pé nígbà tí ọmọ bá ń rántí ohun tó ṣe lánàá, “went” ló kọ́kọ́ ń sáré wá sí i lẹ́nu, torí òun ló so mọ́ àná nínú ọpọlọ rẹ̀. Kó tó lè sọ “did go”, ó gbọ́dọ̀ dá “went” tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà padà, kó sì lọ mú “go”. Àgbàlagbà ń ṣe é láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọmọ kékeré ní láti ṣe é nígbà tó tún ń ronú ohun tó fẹ́ sọ, tó sì ń wo ojú tíṣà bóyá ẹgba ń bọ̀.

Ohun tí ọmọ ti mọ̀ láti ilé

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ. “Lọ” ni lánàá, “lọ” ni lónìí, “lọ” náà ni lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: mo ń lọ, mo ti lọ, mo máa lọ, mi ò lọ, mi ò tíì lọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti tú wọn palẹ̀, Ayọ̀ Bámgbóṣé nínú ìwé gírámà tó gbé jáde ní 1966, Ọládélé Awóbùlúyì nínú tirẹ̀ ní 1978. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ pọ̀ jaburata.

Ẹ tún wo eléyìí. Tí mo bá sọ pé “Mo mu omi”, ẹ mọ̀ pé mo ti mu ún. Tí mo bá sọ pé “Mo fẹ́ omi”, ẹ mọ̀ pé ìsinsìnyí ni mò ń fẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níwájú “mu” tàbí “fẹ́” tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ohun tí èèyàn ń ṣe, bíi mu, ra, lọ, jẹ, tó bá dá wà, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, bíi fẹ́, mọ̀, ga, ìsinsìnyí ló sábà máa ń jẹ́. Ta ló kọ́ yín? Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ibẹ̀ ni “Yesterday I buy bread” ti wá. “Lánàá, mo ra búrẹ́dì.” Nínú orí ọmọ, “buy” jókòó sáyè “ra”, “ra” sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láìgbé nǹkan kan sórí. Ó tún ti sọ “yesterday” fún yín. Kí lẹ tún ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí inú mi ti ń dùn jù nìyí o. Ẹ gbé méjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

“Ṣé o ra iṣu?”
“Did you buy yam?”

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin pàdé ọ̀rọ̀ mẹ́rin. “Ṣé” wà níwájú, “Did” náà wà níwájú. “Ra” kò yí padà, “buy” náà kò yí padà. Ẹ wo “Mi ò ra iṣu” àti “I did not buy yam”, bákan náà ni: ọ̀rọ̀ kékeré wà láàárín, ọ̀rọ̀-ìṣe sì jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí “did” bá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe bí Yorùbá gan-an. Ibi tí èdè méjèèjì ti jọ ara wọn yìí ló sì wá di ibi tá a ti ń na ọmọ wa lẹ́gba!

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ sọ fún ọmọ pé “ṣé” ni “did” o. “Ṣé” kì í sọ àkókò: “Ṣé o mọ̀ ọ́n?” máa jẹ́ “Do you know him?” Ohun tí mo ń lò lára rẹ̀ kò ju ibi tó ń jókòó sí lọ, àti bí ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣe yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn nìkan sì tó.

Mo ti gbọ́ káwọn kan sọ pé ó le fún ọmọ Yorùbá torí àwọn ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ tiwa kì í yí padà. Irọ́ ni. “Mo máa lọ” ni, ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ sọ pé rárá, “máa” á fò jáde, “ní” á wọlé: “Mi ò ní lọ.” “Mo ti jẹun” á di “Mi ò tíì jẹun.” Ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà lẹ́yìn àwọn oníṣu ń ṣe èyí látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ Adó sì tún ń sọ “ulé” àti “uṣu” lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, kó tó lọ kọ “ilé” àti “iṣu” sínú ìwé ní ilé ìwé. Orí rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà méjì kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé rárá.

“You were” ń bọ̀wọ̀ fún ajá

“Was” àti “were” ní wàhálà tiwọn. “Ń” wa kò mọ àná yàtọ̀ sí òní. “Mo ń ṣeré” lè jẹ́ ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ “Mo ń ṣeré nígbà tí bàbá mi dé.” Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí “am” tàbí “is” gbé òṣùká kó tó dé àná, á di “was”, “are” á gbé e, á di “were”. “We was” tí àwọn ọmọ ń sọ kò sì ya ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì jìnnà lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ ọ́ nínú ẹ̀ka èdè wọn títí dòní.

Èyí tó ń rú wọn lójú jù ni “You were”. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró síwájú mi, kí ló dé tí kì í ṣe “was”? Yorùbá ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ń bá màmá àgbà sọ̀rọ̀, ṣé “o” lẹ máa sọ? Rárá, “ẹ” ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ní “thou” fún ẹnì kan, ó sì ní “you” fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ń lo “you” láti fi bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo èèyàn títí “thou” fi kúrò lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n “were”, tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, bá “you” dúró. Mo ní, “Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo ayé ní ‘ẹ’, títí kan ajá.” Ọmọkùnrin kan ronú sí i, ó ní, “Àǹtí, ṣé wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ajá náà ni?” Ẹ̀kọ́ parí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ “You was” púpọ̀ lẹ́nu wọn mọ́.

Ìyá tó fẹ́ pa Yorùbá tì

Lóṣù tó kọjá, elélùbọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi wá bá mi. Ó ní, “Àǹtí, mo ti pinnu o. Láti ọ̀la lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo fẹ́ máa bá a sọ. Yorùbá yìí ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wo ìwé rẹ̀, pupa ni gbogbo rẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Tẹ́ ẹ bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fáwọn oníbàárà yín, ṣé ẹ máa ń sọ ‘did’?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Àǹtí. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni tèmi.”

Kò sí àbùkù kankan lára Gẹ̀ẹ́sì ọjà, òun ló fi ń tajà fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n “I no go” ni Gẹ̀ẹ́sì ọjà, kò sí “did” níbẹ̀ tí ọmọ máa kọ́. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà máa pàdánù. Ní Yorùbá, ìyá yìí lè sọ ìdí tí èlùbọ́ kan fi dúdú tí òmíràn fi funfun, ó lè pa àlọ́, ó lè bá ọmọ wí kó sì yé e, ó lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yọ èrè. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò lè ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀. Èdè tó kún ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ, kó sì fi èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò ní tó rọ́pò rẹ̀.

A kúkú ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tó padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fún wọn lówó. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ilé ìwé yòókù. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà yìí kò kéré sí àwọn yòókù nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ míì. Lóòótọ́, tíṣà tó mọṣẹ́ ló kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má sì gbàgbé ìyẹn. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn: ẹni tó mọ “did” ni kó kọ́ ọmọ ní “did”, kí ìyá máa bá Yorùbá rẹ̀ lọ.

Ìjọba kò tíì dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní praímárì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn ó máa lò. Ìpinnu Àbújá nìyẹn. Kò sí òfin tó sọ ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ máa bá ọmọ rẹ̀ sọ nídìí èlùbọ́. Mo ro gbogbo èyí fún ìyá náà. Ó ní òun á rò ó. Títí di àná, Yorùbá lọmọ náà ṣì fi ń kí mi.

Bá a ṣe ń ṣe é ní ìsọ̀ wa

N kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “went” tàbí “bought”. Ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti sún mọ́ Yorùbá. Ọmọ kan á jẹ́ ọlọ́jà, ìkejì á jẹ́ oníbàárà. “Did you buy yam?” “Yes, I did.” “Did you sell pepper?” “No, I did not.” Ìdáhùn kúkúrú yẹn dára púpọ̀, kò béèrè “bought” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó jẹ́ kí wọ́n fa ìdáhùn gùn sí “I did not buy yam.”

Lẹ́yìn náà ni òṣùká gidi á jáde. Àkísà ni mo ká. Mo gé páálí, mo kọ “buy” sí iwájú rẹ̀, mo kọ “bought” sí ẹ̀yìn. Ọmọ tó bá jẹ́ “did” á gbé òṣùká lérí, ọmọ tó di páálí mú á fi “buy” hàn. Tí mo bá ní kí alábàárù máa lọ sílé, òṣùká á bọ́ sórí ọmọ kejì, á yí páálí sẹ́yìn: “I bought yam.” Tí alábàárù bá padà dé tí ọmọ náà gbàgbé láti yí páálí rẹ̀ padà, àwọn tó ń wò á pariwo, “Òṣùká méjì!” N kì í sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá péré la ń fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́: go, come, see, buy, sell, eat, give, take, bring, say.

Tí ọmọ bá sì wá bá mi lójijì pé, “Àǹtí, I did not went to school,” ohun tí mo máa sọ ni, “Ah, you did not go? Why did you not go?” Ó ti gbọ́ èyí tó tọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ọ̀rọ̀ wa ò sì dúró. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ fún mi, ó sì yẹ kí n gbọ́ ìyẹn kí n tó máa gbọ́ gírámà. Lọ́jọ́ kan, ìdí tí kò fi lọ ni pé ibà ń ṣe ìyá rẹ̀.

“Had” ni mo fi ń parí, mi ò sì rò pé ọmọ praímárì kejì nílò rẹ̀ rárá, ohunkóhun tí ìwé wọn ì báà sọ. “Had” náà ń gba òṣùká, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e kì í padà sí “go”, ó máa ń wọ aṣọ mìíràn: “gone”, “eaten”, “seen”. Aṣọ náà tún máa ń jọ òṣùká nígbà míì, bíi “sold” àti “bought”, ojú ọmọ á wá dàrú. Ó dáa kó dúró di ìgbà tí ọmọ bá lè sọ ìtàn nǹkan méjì, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. “Ti” àti “kó tó” ló bá a mu ní Yorùbá. Ọjọ́ tí òjò bá dá ọjà rú ni mo máa ń mú un jáde fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, torí gbogbo ẹnu ló kún fún un lọ́jọ́ náà: wọ́n ti kó iṣu wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òjò sì ti dá kí elélùbọ́ tó rí ọ̀rá tó máa fi bo ọjà rẹ̀.